Ìtọ́jú họ́mọ̀nù lásìkò ìdúró nǹkan oṣù: bí ẹ ṣe lè yan èyí tó bá ara yín mu

Obìnrin tó bá sọ fún dókítà pé ooru kì í jẹ́ kí òun sùn mọ́ sábà máa ń gbọ́ ọ̀kan nínú èsì méjì. Wọ́n lè ní kó fara dà á, pé yóò lọ tó bá yá. Wọ́n sì lè ní ìtọ́jú họ́mọ̀nù wà, àmọ́ ó léwu, ó ń fa jẹjẹrẹ. Èsì àkọ́kọ́ kò ṣàánú ẹni. Èkejì kò pé, torí pé ohun tí wọ́n ń pè ní ìtọ́jú họ́mọ̀nù kì í ṣe oògùn kan ṣoṣo. Hóró tí wọ́n ń gbé mì, àlẹ̀mọ́ra tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ìdí, jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa apá, ìpara tí wọ́n ń fi sójú ara: orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ìwà wọn kò sì bára mu. Obìnrin tí ọ̀kan léwu fún lè lo òmíràn láìsí wàhálà.

Ohun tó mú mi ṣe ìfiwéra yìí nìyẹn. Ẹ fi múra sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó lọ bá dókítà, kẹ́ ẹ lè mọ ohun tẹ́ ẹ máa béèrè, kẹ́ ẹ sì lè mọ̀ bóyá èsì tí wọ́n fún yín kúnjú òṣùwọ̀n. Kò rọ́pò àyẹ̀wò o.

## Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ara

Estrogen ni họ́mọ̀nù tí àpò ẹyin obìnrin ń pèsè láti ìgbà ìbàlágà. Nígbà tí obìnrin bá ń lọ sí nǹkan bí ọdún 45 sí 55, àpò ẹyin á máa ṣiṣẹ́ ségesège, estrogen á máa lọ sókè lọ sódò, títí tí yóò fi wálẹ̀ pátápátá. Tí oṣù 12 bá kọjá láìrí nǹkan oṣù, a lè sọ pé ó ti dúró. Àmọ́ ìyọnu kì í dúró de ọjọ́ yẹn. Ọ̀pọ̀ obìnrin ti ń rí àmì rẹ̀ ní ọdún mélòó kan ṣáájú, nígbà tí nǹkan oṣù ṣì ń wá, tó ń fò, tó tún ń padà wá.

Ooru òjijì ni ọ̀pọ̀ mọ̀ jù. Apá kan wà nínú ọpọlọ tó ń ṣọ́ bí ara ṣe gbóná tó. Estrogen ló ń mú kí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan níbẹ̀ fara balẹ̀. Tí estrogen bá ti dín kù, àwọn sẹ́ẹ̀lì náà á bẹ̀rẹ̀ sí í ta kìjí, ọpọlọ á rò pé ara ti gbóná jù, á ṣí àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ abẹ́ awọ sílẹ̀, obìnrin á bẹ̀rẹ̀ sí í làágùn. Kì í ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ó lè wá lọ́pọ̀ ìgbà lójúmọ́, tó bá sì jẹ́ lóru, ó ti ba oorun jẹ́ nìyẹn. Ìwádìí ńlá kan ní Amẹ́ríkà, tó tọ àwọn obìnrin lẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún, fi hàn pé nínú àwọn tí ooru náà ń yọ lẹ́nu lemọ́lemọ́, ó lé ní ọdún 7 fún ìdajì wọn. Ẹni tó bá ń sọ fún obìnrin pé kó fara dà á, kó mọ̀ pé iye ọdún tó ń ní kó fi fara dà á nìyẹn.

Àwọn àmì tó kù pọ̀: ojú ara tó ń gbẹ, ìrora nígbà ìbálòpọ̀, ìtọ̀ tó ń gbọ̀n wọ́n nígbà gbogbo, oríkèé tó ń dùn, ìbínú tí kò nídìí, ìgbàgbé, ìrẹ̀wẹ̀sì. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀, kẹ́ ẹ tò ó bó ṣe ń dà yín láàmú sí. Èyí tó bá wà lókè ló máa kọ́kọ́ sọ ohun tẹ́ ẹ máa yàn.

## Ṣé ilé ọmọ ṣì wà ńbẹ̀?

Ibí ni dókítà yóò ti bẹ̀rẹ̀, kò sì sí àríyànjiyàn nínú rẹ̀. Estrogen ló ń pa ooru. Progestogen, ìyẹn progesterone àti àwọn oògùn tó jọ ọ́, iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti dáàbò bo ilé ọmọ. Bí estrogen bá dá wà, ó máa ń mú kí awọ inú ilé ọmọ nípọn, bó bá sì ń bá a lọ bẹ́ẹ̀, ó lè di jẹjẹrẹ. Láti ọdún 1975 ni èyí ti hàn gbangba, nígbà tí àwọn olùwádìí rí i pé jẹjẹrẹ ilé ọmọ ń pọ̀ sí i láàárín àwọn obìnrin tó ń lo estrogen nìkan.

Nítorí náà, ẹni tí wọ́n ti yọ ilé ọmọ rẹ̀ lè lo estrogen nìkan, ọ̀nà tirẹ̀ sì rọrùn jù, bẹ́ ẹ ṣe máa rí i níwájú. Ẹni tí ilé ọmọ rẹ̀ ṣì wà gbọ́dọ̀ lo méjèèjì. Kò sí "díẹ̀ ni mò ń lò" níbẹ̀ o: bí ẹ bá ń lo àlẹ̀mọ́ra estrogen tí ẹ fi kápúsù progesterone sílẹ̀ torí pé kì í jẹ́ kí ara yín balẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kó pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ má kàn dá a dúró.

## Hóró tàbí awọ: ibi tí ìyàtọ̀ wà gan-an

Tí wọ́n bá ní kí n mú apá kan ṣoṣo nínú ọ̀rọ̀ yìí kí n tẹnu mọ́ ọn, èyí ni màá mú.

Estrogen tẹ́ ẹ bá gbé mì máa ń kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá kó tó tàn ká ara. Ẹ̀dọ̀ yìí náà ló ń pèsè àwọn èròjà tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì. Bí estrogen bá ń dé bá a báyìí lójoojúmọ́, á máa pèsè èròjà náà ju bó ṣe yẹ lọ. Ìdí nìyẹn tí hóró fi ń fi kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kó sì lọ dí iṣan ẹ̀dọ̀fóró. Ó tún ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀ díẹ̀. Fún obìnrin tí ara rẹ̀ le, tí kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ewu náà kéré. Àmọ́ ó wà.

Estrogen tó gba awọ wọlé kì í kọ́kọ́ ya ọ̀dọ̀ ẹ̀dọ̀. Inú ẹ̀jẹ̀ ló ń bọ́ sí tààrà, díẹ̀díẹ̀, tọ̀sán tòru. Ní ìwọ̀n tí wọ́n sábà ń lò, àwọn ìwádìí kò rí i pé ó fi kún ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì. Fún ẹni tó sanra, ẹni tó ń mu sìgá, ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ẹni tí ẹ̀fọ́rí túúlu ń bá jà, ẹni tí irú ọ̀rá tó ń jẹ́ triglyceride pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, tàbí ẹni tó ní òkúta nínú àpò òróòro, ọ̀nà awọ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé yẹ̀ wò. Tí ẹ bá wà nínú àwọn wọ̀nyí, tí wọ́n sì kọ hóró fún yín láìsọ ìdí, ẹ béèrè.

| | Hóró | Àlẹ̀mọ́ra | Jẹ́ẹ̀lì |
|---|---|---|---|
| Ìgbà tí ẹ ń lò ó | Lójoojúmọ́ | Ọ̀pọ̀ jù nínú wọn, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ | Lójoojúmọ́ |
| Ìwọ̀n estradiol (irú estrogen tí àpò ẹyin ń pèsè) tó wọ́pọ̀ | mílígíráàmù 1 sí 2 | máíkírógíráàmù 25 sí 100 lójúmọ́ | Ó wà lọ́wọ́ irú èyí tí wọ́n fún yín |
| Ewu dídì ẹ̀jẹ̀ | Ó fi kún un díẹ̀ | A kò rí i pé ó fi kún un ní ìwọ̀n tó wọ́pọ̀ | Bíi ti àlẹ̀mọ́ra |
| Ohun tó lè yọ yín lẹ́nu | Inú rírìn, ẹ̀fọ́rí | Awọ yíyún, ó lè ṣí kúrò | Ó ń fẹ́ àkókò kó tó gbẹ |
| Yíyí ìwọ̀n padà | Ẹ máa gba hóró mìíràn | Ẹ máa gba ìwọ̀n mìíràn | Ó rọrùn láti fi kún un tàbí dín in kù |

Hóró ní àǹfààní tirẹ̀. Kì í ṣí lára, kò sẹ́ni tó máa rí i, oríṣi kan sì wà tó jẹ́ pé estrogen àti progestogen ti wà pọ̀ nínú rẹ̀, tí kò fi ní sí pé ẹ gbàgbé ọ̀kan. Obìnrin ọlọ́dún 51 tí kò ní àìsàn kankan, tí kì í mu sìgá, tó sì fẹ́ ohun tó rọrùn, kò ṣe ohun tó burú tó bá yàn án.

Àlẹ̀mọ́ra kì í ṣòro tẹ́ ẹ bá ti mọ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Ìsàlẹ̀ ìbàdí ni ẹ máa lẹ̀ ẹ́ mọ́, ní ìdí tàbí ìsàlẹ̀ ikùn, kì í ṣe ọyàn láé. Kí awọ ibẹ̀ mọ́, kó gbẹ, kó má ní òróró ìpara lára. Ẹ máa yí ojú ibẹ̀ padà nígbà kọ̀ọ̀kan kí awọ má baà pọ́n. Jẹ́ẹ̀lì ní tirẹ̀, apá tàbí itan lẹ máa fi pa, ẹ jẹ́ kó gbẹ kẹ́ ẹ tó wọ aṣọ lé e, kẹ́ ẹ fọ ọwọ́ yín dáadáa. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ọmọ kékeré wà nílé yín: fún nǹkan bíi wákàtí kan, ẹ má jẹ́ kí awọ ọmọ kan ibi tí jẹ́ẹ̀lì wà, torí estrogen lè wọ ara ọmọ náà. Ẹni tó ń gbé ọmọ mọ́ra látàárọ̀ ṣúlẹ̀, àlẹ̀mọ́ra ni màá gbà nímọ̀ràn fún un.

Ẹ tún lè gbọ́ nípa estrogen kan tó ti pẹ́, tí wọ́n ń yọ látinú ìtọ̀ abo ẹṣin tó lóyún. Ó ṣì wà, ó sì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ estradiol, tó jẹ́ irú èyí gan-an tí àpò ẹyin ń pèsè, ni ọ̀pọ̀ dókítà ń kọ́kọ́ kọ báyìí. Mo fara mọ́ wọn. Èyí tí n kò fara mọ́ ni họ́mọ̀nù àpòpọ̀ tí àwọn kan ń pò fún oníkálukú, tí wọ́n ní "ti àdánidá" ni. Kò sẹ́ni tó yẹ ìwọ̀n inú rẹ̀ wò bí wọ́n ṣe ń yẹ oògùn tí ìjọba fọwọ́ sí wò, progesterone inú rẹ̀ sì lè má tó láti dáàbò bo ilé ọmọ. Estradiol àti progesterone tí ìjọba fọwọ́ sí, tó bá ti ara mu gẹ́lẹ́, ti wà tẹ́lẹ̀.

## Progestogen: èyí tí ọ̀pọ̀ kì í béèrè nípa rẹ̀

Ìwọ̀n estrogen ni gbogbo ènìyàn máa ń béèrè. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, progestogen ló sábà ń fa ìyọnu tó ń mú kí obìnrin pa ìtọ́jú tì: ọyàn dídùn, ikùn wíwú, ọkàn tó ń rẹ̀wẹ̀sì láìnídìí.

Kápúsù progesterone tó bá ti ara mu ni màá kọ́kọ́ yàn. Alẹ́ ni wọ́n ń lò ó, torí pé ó máa ń fa oorun, èyí sì jẹ́ àǹfààní ńlá fún ẹni tí kò rí oorun sùn tẹ́lẹ̀. Àwọn ìwádìí tó tọ àwọn obìnrin lẹ́yìn tún fi hàn pé kò jọ pé ó ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ọyàn tó ti àwọn ìbátan rẹ̀ àtijọ́, pàápàá láàárín ọdún 5 àkọ́kọ́. Àwọn oríṣi kan ní òróró ẹ̀pà nínú. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà gbọ́dọ̀ ka ara páálí, kó sì béèrè lọ́wọ́ apoògùn.

Medroxyprogesterone àti norethisterone, tó wà lára àwọn ìbátan àtijọ́ náà, ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró ju progesterone lọ, nítorí náà wọ́n wúlò fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń kán fún léraléra. Ẹ̀kẹta ni ohun kékeré bí lẹ́tà T tí wọ́n ń fi sínú ilé ọmọ, tó ń tú progestogen kan tó ń jẹ́ levonorgestrel sílẹ̀. Ó lè dáàbò bo ilé ọmọ fún ọdún 5, ó ń dènà oyún, ó sì ń dín ẹ̀jẹ̀ nǹkan oṣù tó pọ̀ kù gan-an. Obìnrin ọlọ́dún 47 tí nǹkan oṣù rẹ̀ ń ya bí omi, tí ooru sì ti bẹ̀rẹ̀, kò ní rí ohun tó dára jù èyí lọ pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ra estrogen.

Ìlò onígbà àti ìlò ojoojúmọ́ náà yàtọ̀. Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣì ń wá yóò lo estrogen lójoojúmọ́, yóò sì fi progestogen kún un fún ọjọ́ 12 sí 14 lóṣù. Fún kápúsù progesterone, mílígíráàmù 200 lálẹ́ ló wọ́pọ̀. Ẹ̀jẹ̀ á máa wá lẹ́yìn rẹ̀ bíi nǹkan oṣù. Ẹni tó ti lo ọdún kan láìrí nǹkan oṣù lè lo méjèèjì lójoojúmọ́, progesterone á sì jẹ́ mílígíráàmù 100 lálẹ́. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan àkọ́kọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní máa wá mọ́. Tí ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ ṣì ń wá bá fi ìlò ojoojúmọ́ bẹ̀rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ á máa kán ségesège, ọkàn rẹ̀ kò ní balẹ̀.

Ẹ má sì gbàgbé pé, yàtọ̀ sí ohun bíi lẹ́tà T yẹn, ìtọ́jú họ́mọ̀nù kì í ṣe ìfètòsọ́mọbíbí. Obìnrin tí kò tíì pé ọdún 50 ṣì lè lóyún títí di ọdún 2 lẹ́yìn nǹkan oṣù rẹ̀ tó kẹ́yìn. Ẹni tó ti lé ní 50, ọdún kan.

Tibolone wà ní àwọn orílẹ̀-èdè kan, hóró kan ṣoṣo tó ń ṣe iṣẹ́ estrogen àti ti progestogen pọ̀. Amẹ́ríkà kò fọwọ́ sí i. Ó dára fún ooru àti fún egungun, àmọ́ ó ń fi kún ewu rọpárọsẹ̀ fún àwọn tó ti dàgbà, kò sì yẹ fún ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí.

## Tó bá jẹ́ ojú ara nìkan ló ń dùn yín

Ọ̀rọ̀ yìí ni ojú ń tì ọ̀pọ̀ obìnrin láti sọ, wọ́n á sì máa jìyà rẹ̀ fún ọdún púpọ̀. Ooru òjijì máa ń rọlẹ̀ tó bá yá. Ojú ara tó ń gbẹ kì í sunwọ̀n fúnra rẹ̀. Ńṣe ló máa ń le sí i. Ìbálòpọ̀ á di ìrora, ìtọ̀ á máa ta, àkóràn ojú ọ̀nà ìtọ̀ á máa padà wá.

Bí àmì tiyín kò bá ju èyí lọ, ẹ kò nílò hóró tàbí àlẹ̀mọ́ra. Estrogen kékeré tí wọ́n ń fi sójú ara ti tó: ìpara, hóró kékeré máíkírógíráàmù 10, tàbí òrùka rírọ̀ tó ń wà níbẹ̀ fún oṣù 3. Hóró kékeré náà, ojoojúmọ́ ni fún ọ̀sẹ̀ 2, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Èyí tó ń wọ inú ẹ̀jẹ̀ nínú rẹ̀ kéré débi pé kò nílò progestogen, àwọn ìwádìí kò sì rí i pé ó ń fi kún ewu jẹjẹrẹ ọyàn. Ẹ lè máa lò ó títí. Kò ní pa ooru òjijì, ẹ má retí ìyẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹni tí méjèèjì bá ń dà láàmú lè lò ó pẹ̀lú àlẹ̀mọ́ra.

Ìwé inú páálí rẹ̀ ti dẹ́rù ba ọ̀pọ̀ obìnrin, torí pé ìkìlọ̀ tí wọ́n kọ fún hóró ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, àjọ FDA, tó ń fọwọ́ sí oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé àwọn yóò yọ ìkìlọ̀ inú àpótí dúdú, ìyẹn èyí tó le jù, nípa àrùn ọkàn, jẹjẹrẹ ọyàn àti ìdàrú ọpọlọ kúrò lára ìtọ́jú họ́mọ̀nù. Ìkìlọ̀ nípa jẹjẹrẹ ilé ọmọ fún estrogen nìkan tó ń kárí ara ṣì wà níbẹ̀, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ti ní jẹjẹrẹ ọyàn rí, ohun tí kò ní họ́mọ̀nù ni kó kọ́kọ́ gbìyànjú: èyí tó ń mú ojú ara tutù lójoojúmọ́, àti èyí tó ń mú un yọ̀ nígbà ìbálòpọ̀. Bí ìyẹn kò bá tó, kó bá dókítà tó ń tọ́jú jẹjẹrẹ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi estrogen kàn án.

## Ìbẹ̀rù jẹjẹrẹ ọyàn, pẹ̀lú iye gidi

Ọdún 2002 ni ìbẹ̀rù yìí gbilẹ̀. Ìwádìí Women's Health Initiative ní Amẹ́ríkà dá apá tó dán estrogen pẹ̀lú progestogen wò, tí obìnrin 16,608 wà nínú rẹ̀, dúró kí àsìkò tó pé. Jẹjẹrẹ ọyàn fi nǹkan bí 8 lé láàárín obìnrin 10,000 lọ́dún kan. Ìròyìn náà kárí ayé, ọ̀kẹ́ àìmọye obìnrin sì da oògùn wọn nù.

Ohun tí ìròyìn kò tẹnu mọ́ ni pé ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn obìnrin náà jẹ́ ọdún 63. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti kọjá ìgbà ooru òjijì tipẹ́. Hóró estrogen ti ẹṣin pẹ̀lú medroxyprogesterone sì ni wọ́n lò, kì í ṣe àlẹ̀mọ́ra, kì í ṣe progesterone. Apá kejì ìwádìí náà, ti àwọn tí kò ní ilé ọmọ, tí wọ́n lo estrogen nìkan, parí ní 2004. Jẹjẹrẹ ọyàn kò pọ̀ sí i láàárín wọn, rọpárọsẹ̀ ló pọ̀ sí i díẹ̀.

N kò ní fi ìyẹn sọ pé kò séwu. Ní 2019, wọ́n kó àbájáde ọ̀pọ̀ ìwádìí pọ̀. Nínú obìnrin 100 tí kò lo họ́mọ̀nù rárá, nǹkan bí 6 ló ń ní jẹjẹrẹ ọyàn láàárín ọdún 50 sí 69. Tí àwọn obìnrin bá bẹ̀rẹ̀ ní 50, tí wọ́n sì lò ó fún ọdún 5, ẹni kan ni yóò fi lé nínú 50 tó lo méjèèjì lójoojúmọ́. Ẹni kan nínú 70 tó lo progestogen onígbà. Ẹni kan nínú 200 tó lo estrogen nìkan. Bí ọdún ìlò bá ṣe gùn tó ni ewu ṣe ń pọ̀ tó. Ẹni kan nínú 50 kì í ṣe ohun tí a lè fojú tẹ́ńbẹ́lú. Àmọ́ obìnrin tí kò sùn fún ọdún mẹ́ta, tí iṣẹ́ rẹ̀ ti ń bàjẹ́, tí egungun rẹ̀ sì ń rọ, ní ẹ̀tọ́ láti gbé iye yìí sórí ìwọ̀n fúnra rẹ̀, dípò kí ẹlòmíràn fi ọ̀rọ̀ "ó léwu" lásán ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn.

Ọjọ́ orí ló ń mú ìwọ̀n náà tẹ̀ síbì kan. Fún ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kó tó pé ọdún 60, tàbí láàárín ọdún 10 tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró, tí kò sì ní ohun tó léèwọ̀, àǹfààní sábà máa ń ju ewu lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní 67, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ti yàtọ̀.

Ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ dúró kó tó pé ọdún 40, kò sí nínú ìṣirò yìí rárá. Ara rẹ̀ pàdánù ohun tó yẹ kó ṣì ní. Ó yẹ kó lo họ́mọ̀nù títí dé nǹkan bí ọdún 51, nítorí egungun àti ọkàn rẹ̀, kódà bí ooru kankan kò bá mú un, àyàfi tí ohun kan bá kà á léèwọ̀.

## Ọ̀nà tí kò ní họ́mọ̀nù

Àwọn tí ìtọ́jú họ́mọ̀nù léèwọ̀ fún ni ẹni tó ní jẹjẹrẹ ọyàn tàbí tó ti ní in rí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń wá lójú ara rẹ̀ láìmọ ìdí, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń bá jà lọ́wọ́, ẹni tí àrùn ọkàn tàbí rọpárọsẹ̀ kọlù láìpẹ́, àti ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń ṣàìsàn gidigidi. Àwọn kan wà tí ara wọn kàn kọ̀ ọ́, ẹ̀tọ́ wọn nìyẹn.

Kò sí ìkankan nínú àwọn ọ̀nà tí kò ní họ́mọ̀nù tó lágbára tó estrogen, tó ń dín iye ìgbà tí ooru ń wá kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin. Ọ̀kan lára àwọn tó sún mọ́ ọn jù ni fezolinetant, mílígíráàmù 45 lójúmọ́, tí FDA fọwọ́ sí ní oṣù karùn-ún ọdún 2023. Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ tí mo sọ̀rọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan ló ń pa lẹ́nu mọ́. Ó lè ṣe ẹ̀dọ̀ ní jàǹbá, ìyẹn ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ àti ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà. Bí wọ́n bá fẹ́ kọ ọ́ fún yín láìyẹ ẹ̀dọ̀ yín wò, ẹ má gbà.

Àwọn oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn bíi venlafaxine àti paroxetine, ní ìwọ̀n kékeré, ń dín ooru kù níwọ̀nba, wọ́n sì dára fún ẹni tí ọkàn rẹ̀ tún ń rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tó ń lo tamoxifen nítorí jẹjẹrẹ ọyàn kò gbọ́dọ̀ fi paroxetine kún un, torí pé paroxetine kì í jẹ́ kí tamoxifen ṣiṣẹ́ dáadáa. Gabapentin wúlò fún ẹni tó jẹ́ pé òru ni ooru tirẹ̀ ń wá, nítorí ó ń fa oorun. Ìjíròrò pẹ̀lú onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá, irú èyí tó ń kọ́ ènìyàn láti yí bó ṣe ń gba ooru náà sí padà, kì í dín iye ìgbà tó ń wá kù púpọ̀, àmọ́ ó ń dín ìdààmú rẹ̀ kù, ó sì ń mú oorun sunwọ̀n.

Àgbo àti hóró ewéko, bíi black cohosh àti sóyà, àbájáde wọn kò dọ́gba, kò sì sí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà fún. Bẹ́ ẹ bá ń lò wọ́n, ẹ sọ fún dókítà. Ẹ tún rántí pé kò sí ìkankan nínú àwọn ọ̀nà wọ̀nyí tó ń dáàbò bo egungun bí estrogen ṣe ń ṣe.

## Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀

Ìwọ̀n kékeré ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kẹ́ ẹ fún un ní oṣù 3. Ooru lè dín kù láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ojú ara á pẹ́ díẹ̀ sí i. Ẹ padà lọ bá dókítà lẹ́yìn oṣù 3, lẹ́yìn náà lọ́dọọdún, kó yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru yín wò, kẹ́ ẹ sì jọ tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Àyẹ̀wò ọyàn tó bá tọ́ sí ọjọ́ orí yín, ẹ má fò ó.

Ẹ̀jẹ̀ lè kán ní oṣù 3 sí 6 àkọ́kọ́. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn tó ti dúró pátápátá, ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ilé ọmọ wò. Ẹsẹ̀ kan tó wú tó sì ń dùn, àyà tó ń dùn, èémí tó ń kúrú lójijì, ẹnu tàbí apá tó ṣàdédé wọ́: ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe ọ̀la.

Kò sí òfin pé ọdún 5 ni dandan láti dúró. Nígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ jáwọ́, ẹ lè dín in kù díẹ̀díẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Dídín kù díẹ̀díẹ̀ lè má jẹ́ kí ooru tètè padà dé ní oṣù àkọ́kọ́, àmọ́ tó bá yá, ìyàtọ̀ kì í sí láàárín méjèèjì. Bí ooru bá padà tó sì le, ẹ lè tún bẹ̀rẹ̀, ní ìwọ̀n tó kéré jù tó bá lè pa á.